Ìdá Ogójì

Agogo márùn-ún àárọ̀, ìwé dé láti pápá ọkọ̀ òfurufú,
ojú ewé kan péré, ó ṣì gbóná láti ẹnu ẹ̀rọ.
Èmi ni mo ń sọ ọ́ di Yorùbá fún rédíò,
èmi Mojírádé, ọmọ Akíndúró ará Abà Ìrókò-Méjì lẹ́yìn Oǹdó,
tí mi ò mọ̀ nípa ìkùukùu
ju bí ó ṣe ń kọjá lórí páànù ilé wa lọ.

Ọjọ́ Ajé: òòrùn yóò ràn ní Àkúrẹ́ títí di ọ̀sán.
Ọjọ́ Ìṣẹ́gun: ojú ọ̀run yóò dúdú díẹ̀ lápá Ìdànrè,
àrá lè sán ní Ọ̀wọ̀ kí ilẹ̀ tó ṣú.
Ọjọ́rú: òjò, ìdá ogójì nínú ọgọ́rùn-ún.

Ibẹ̀ ni mo dúró sí.
Ta ló rí ìdá ogójì òjò rí?
Ṣé ó máa ń rọ̀ dé èjìká ni kó tó rántí ilé?
Ní abà wa, òjò rọ̀ tàbí kò rọ̀.
Èyí tó ṣú tí kò rọ̀, a ní ó purọ́.

Mo kọ ọ́ sílẹ̀: “Ó lè rọ̀, ó sì lè má rọ̀.”
Ajíbóyè ọ̀gá mi fi báírò pupa fà á,
ó ní, “Àlọ́ lò ń pa fún wọn ni, àbí ìròyìn?”

Lọ́sẹ̀ tó kọjá bíríkìlà kan pè láti Ìjàpọ̀,
ó ní ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta búlọ́ọ̀kù òun ti padà di yanrìn,
pé ohùn mi ló fọkàn tán.
Màmá kan béèrè bóyá kóun gbé adìẹ òun gun àjà.
Mo ní, “Mà, odò Àlà kò sí nínú ìwé tí wọ́n fún mi.”
Ó ní, “Ṣùgbọ́n odò Àlà wà nínú ilé mi.”

Bàbá mi kì í pè. Kì í gbọ́ rédíò tán.
Yóò jáde síta ní ìdájí, yóò gbé imú sókè,
yóò wo ibi tí àwọn eèrà ń kó ẹyin wọn lọ,
ọ̀rọ̀ parí.
Ṣùgbọ́n lọ́dún yìí, ojú rẹ̀ ṣú ju ọ̀run oṣù Ọ̀wàrà lọ,
dókítà ní ìkùukùu funfun ló bo ẹyinjú.
Láàárọ̀ yìí ó pè mí, ní agogo mẹ́fà ku ogún ìṣẹ́jú.

“Kòkó àpò mẹ́fà ló wà lórí sìmẹ́ńtì.
Tó bá rí òòrùn di Ọjọ́bọ̀, ó gbẹ nìyẹn.
Tí mo bá kó o wọlé báyìí, yóò bu.
Kí ni wọ́n wí?”
Mo ní, “Bàbá, Ọjọ́rú, ìdá ogójì ni.”
Ó dákẹ́. Mo gbọ́ àkùkọ kan lẹ́yìn rẹ̀.
“Ogójì yẹn, ti òjò ni àbí tèmi?”
Mi ò lésì.
“Ó dáa. Jáde síta. Kí ni imú tìrẹ sọ?”

Mo jáde.
Èéfín jẹnẹrétọ̀ ni mo gbọ́,
àti òórùn àkàrà láti ìdí géètì.
Mo mí sínú lẹ́ẹ̀mẹta bí ó ti kọ́ mi nígbà tí mo wà lọ́mọ ọdún mẹ́jọ.
Ohun kan wà níbẹ̀, tútù, ó fara jọ omi tó jìnnà,
àbí ọkàn mi ló ń ṣe é?

Iná pupa tàn. Mo ka ìwé náà bí wọ́n ṣe kọ ọ́,
Ajé, Ìṣẹ́gun, Ọjọ́rú tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ rú mi lójú,
ìdá ogójì nínú ọgọ́rùn-ún, ohùn mi kò gbọ̀n.
Lẹ́yìn náà ni mo sọ èyí tí kò sí lórí ìwé:
“Ẹ̀yin tí ẹ sá kòkó, ẹ má kó o wọlé.
Ẹ tẹ́ tapólì sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀,
kí ọmọ kan tí ojú rẹ̀ ríran sì jókòó tì í.”

Ajíbóyè wò mí láti ẹ̀yìn gíláàsì.
Báírò pupa wà lọ́wọ́ rẹ̀.
Kò ṣí ìdérí rẹ̀.