Ohùn Mi Ṣì Ń Ṣiṣẹ́ ní Kàbà

Inú kọ́bọ́ọ̀dù ni mo ti gba ohùn náà sílẹ̀.
Fóòmù bẹ́ẹ̀dì ni wọ́n gé lẹ̀ mọ́ ògiri,
kò sí fèrèsé, kò sí fáànù,
torí fáànù máa ń mí sínú ẹ̀rọ bí ẹni tó ní ikọ́.
Bí tírélà sìmẹ́ńtì bá ń bọ̀ láti Ọ̀bájànà,
n ó dákẹ́, n ó ka ení, èjì, títí dé ogún,
n ó nu òógùn ojú, n ó tún bẹ̀rẹ̀:
"O káre! O gbà á!"
Ìgbà òjìlélúgba lọ́jọ́ kan ṣoṣo,
tẹ̀ríntẹ̀rín, nítorí Ọ̀gá ní
ọmọdé máa ń gbọ́ ẹ̀rín nínú ohùn.

Aṣáájú lorúkọ bàbá Ọ̀gá.
Ẹ̀yìn ló wà tó ń lé wa.

Láàárọ̀ Mọ́ńdè yóò ní, "Ẹbí kan ni wá níbí."
A ó ní bẹ́ẹ̀ ni, sà.
Nígbà tí bàbá Bọ́sẹ̀dé kú ní Ìyàmọyè,
ẹbí béèrè pé ọjọ́ wo gan-an ni wọ́n fẹ́ sin ín,
pé bó bá jẹ́ Sátidé,
kí ló wá kan Fúráídè nínú ọ̀rọ̀ òkú?
Ìṣirò kíláàsì kẹrin ló ń kọ lọ́wọ́.
Ẹ̀gbẹ́ pósí ló ti parí rẹ̀.
Ẹ wo ìbéèrè kẹtàdínlógún:
Bàbá kan ní iṣu mẹ́sàn-án.
Ó kó gbogbo rẹ̀ fún ọmọ rẹ̀.
Mélòó ló kù?

Bàbá Ọlọ́runjuwọ́n tó ń ṣọ́ géètì
fi ogójì ọdún kọ ebè lọ́nà Ìyàrà,
ọkọ́ ti jẹ gbogbo ìlà ìka rẹ̀ tán.
Ó gbé àtàǹpàkò lé ẹ̀rọ ìwọlé,
ẹ̀rọ ní rárá.
Ó tọ́ ọ lá, ó nù ún mọ́ ṣòkòtò,
ẹ̀rọ ní òun ò mọ̀ ọ́n rí,
Bàbá tó ń kí gbogbo wa ní "Òkun o" pẹ̀lú orúkọ!
Oṣù parí, wọ́n ní ọjọ́ mẹ́tàlá ni kò wá síṣẹ́.
"Ẹ̀rọ kì í purọ́, Bàbá."
Ó wo ọwọ́ ara rẹ̀ títí
bí ẹni ń wo ìwé tí wọ́n fi èdè mìíràn kọ.
Mo wà lẹ́yìn rẹ̀ lórí ìlà.
Mo gbé ìka tèmi lé e,
iná aláwọ̀ ewé tàn,
mo wọlé.

Ìgbà tó yá ni mo béèrè owó oṣù méjì
níwájú àwọn àlejò láti Àbújá.
Ọ̀gá ò bínú. Ó rẹ́rìn-ín.
Aago mẹ́wàá alẹ́ ni àtẹ̀jíṣẹ́ wọlé:
"A dúpẹ́ fún iṣẹ́ ribiribi yín."
Ìgbà àkọ́kọ́ tó dúpẹ́ nìyẹn.

Mọ̀pà ni mo wà báyìí.
Lánàá, mò ń bó ẹ̀gúsí lẹ́yìn ilé,
mo gbọ́ obìnrin kan ní yàrá,
inú rẹ̀ dùn débi pé mo jowú rẹ̀.
"O káre!"
Dàmọ́lékùn ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ló jókòó sórí ẹní,
tábúlẹ́ẹ̀tì wà lórí itan rẹ̀.
Wọ́n ti ya ẹyẹ kékeré kan sójú ohùn mi,
ẹyẹ pupa, tó ń ṣẹ́jú.
"Àǹtí, kì í rẹ̀ ẹ́ o," ó ní, "kódà lóru."

Mo jókòó tì í.
Mo ní kó ṣí ìbéèrè kẹtàdínlógún.
Ó fi ìka ka iṣu, ó tún un kà, ó tẹ òdo.
Ẹyẹ náà yọ̀ mọ́ ọn.
Mo ní kó tún un tẹ̀, kó sì tẹ́tí dáadáa:
lẹ́yìn "O gbà á," èémí kan wà níbẹ̀,
kékeré, tí wọn ò rí gé kúrò.
Tírélà ló ń bọ̀ nígbà yẹn.
Mo ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í ka ení.