Jẹ́ Kó Kọjá

Màmá Kandé ló fi í ránṣẹ́ láti Kafanchan
nínú àpò tí wọ́n fi ń di atalẹ̀:
ewé mẹ́sàn-án, ọwọ́ Sámúẹ́lì Ọ̀jẹ́níyì gan-an,
akọ̀wé rélùwéè, ọmọ Ọ̀fà,
tó gba yàrá nílé bàbá rẹ̀, tó sì kú síbẹ̀,
klarinẹ́ẹ̀tì lábẹ́ ìrọ̀rí.

Mo tẹ́ ẹ sórí tábìlì mi ní Barnawa.
Mo tẹ́ èyí tí wọ́n tẹ̀ n'Íbàdàn sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀,
tó mọ́ bí yúnifọ́ọ̀mù àárọ̀ Mọ́ńdè.
Ọyẹ́ ti la ètè mi. Nẹ́pà ti ṣe tiwọn.
Mo tan àtùpà, mo mú pẹ́ńsù pupa,
mo ń wò wọ́n níkọ̀ọ̀kan
bí ẹni ń ṣa òkúta kúrò nínú ìrẹsì.

Àmì tíntín kan wà lórí nóòtì kejìlá
tí olùkọ́ mi tìtorí rẹ̀ fi rúlà gbá mi níka:
"Gé e kúrú! Ṣé o ò rí àmì ni?"
Mo gbé ìwé bàbá súnmọ́ iná.
Mo fi èékánná họ ọ́. Ó bọ́ sílẹ̀.
Ìgbẹ́ eṣinṣin ni.
Ọgbọ̀n ọdún ni mo ti ń fi ọ̀wọ̀ fọn ìgbẹ́ eṣinṣin.

Ẹ̀rín yẹn ò bá mi dé ìlà kẹta.
Níbẹ̀ ni bàbá kọ dò, mí, mí,
dò, mí, mí, lẹ́ẹ̀mẹ́ta, láìfi ọ̀rọ̀ kankan sí i.
Ó lè jẹ́ Àjíkẹ́. Ó lè jẹ́ Àníkẹ́.
Obìnrin kan ṣá, tó dúró sí Ọ̀fà
nígbà tí ọkọ̀ ojú irin gbé e wá sókè ọ̀hún.
Olóòtú wò ó, ó ní ó fò jù,
ó ki re bọ̀ ọ́ láàárín: dò, re, mí,
bí ọmọ tó ń gun àtẹ̀gùn.
Ó dùn. N ò ní parọ́.
Ṣùgbọ́n kò pe ẹnikẹ́ni mọ́.

Ní ojú ewé kẹfà, àpótí mẹ́rin ṣófo,
ìdákẹ́ lórí ìdákẹ́,
ó sì kọ ọ́ sí etí ìwé, lẹ́ẹ̀dì ti fẹ́ẹ̀ parẹ́:
jẹ́ kó kọjá.
Olóòtú gé mẹ́rẹ̀ẹ̀rin dànù. Ó ṣeé ṣe kó rò pé bàbá sùn lọ ni.
Mo pe Màmá Kandé. Ó ní, "Jirgi ne.
Ọkọ̀ ojú irin ni. Aago mẹ́sàn-án alẹ́,
àwo á máa gbọ̀n lórí pẹpẹ,
á yọ fèrè lẹ́nu, á na ìka sí wa pé ká dúró.
Tó bá ti lọ tán, á mú un níbi tó fi í sí."
Ó dákẹ́ díẹ̀. Ó ní koríko ti bo irin báyìí.

Èyí tí n ò fẹ́ sọ ló kù.
Ohùn òkè tó gbẹ̀yìn orin náà,
tí mo gbọ́ lọ́mọ ọdún mẹ́wàá ní ṣọ́ọ̀ṣì Sabon Tasha,
tí mo tìtorí rẹ̀ ta kẹ̀kẹ́ mi,
kò sí nínú ìwé bàbá.
Nísàlẹ̀ ni bàbá parí ọ̀rọ̀ sí, nóòtì kan péré,
bí ẹni rọra ti ilẹ̀kùn kí ọmọ má baà jí.
Olóòtú ló gbé tòkè síbẹ̀,
ọkùnrin tí mo ti ń bú láti ìrọ̀lẹ́.

Ọjọ́ Sátidé ni mo máa fọn ún.
Mo ti dá orúkọ obìnrin náà padà.
Mo ti fàyè gba ọkọ̀ tí kì í wá mọ́.
Nípa ti ìparí, mo kọ méjèèjì, ọ̀kan lórí èkejì,
klarinẹ́ẹ̀tì ò sì lè fọn méjì lẹ́ẹ̀kan náà.
Epo àtùpà ti ń tán.
Ìka mi ń rùn atalẹ̀.