Alẹ́ Tí Mo Ti Fèrèsé

Òṣogbo ni wọ́n bí mi sí, mo mọ aró.
Mo mọ èyí tó mu aṣọ, mo mọ èyí tó kọ̀ tí kò mu.
Ṣùgbọ́n aró tó bo ojú kọ̀ǹpútà mi lálẹ́ ọjọ́ náà,
ìkòkò kankan ò rẹ irú ẹ̀ rí:
búlúù láti etí dé etí,
lẹ́tà funfun díẹ̀ láàárín
bí eyín ẹni tó ń fini ṣẹ̀sín.
Ìṣẹ́jú mẹ́rin ló kù kí bọ́ọ̀lù parí,
èmi àti Akínwándé ṣì wà ní ọ̀mì.
Ó ní mo mọ̀ọ́mọ̀ pa á ni.
Mo ní ẹ̀rọ ló fà á.
Ìgbà gbogbo tó bá nà mí, ẹ̀rọ ló fà á.

Mo gbé e lọ bá Múínátù ní Ìgbọ̀nà,
ẹni tó ń tún fóònù ṣe lábẹ́ àtẹ̀gùn ilé alájà méjì,
tòun ti awò tó ń sọ eèrà di erin lójú kan.
Ó gbé ẹ̀rọ mi wò bí ẹni ń gbé adìẹ wò lọ́jọ́ ọjà.
Ó ní, "Kò tíì gbó. Ẹrù tó rù ló wúwo jù ú lọ.
Ti fèrèsé yẹn, wá gba ẹnu ọ̀nà wọlé."
Línọ́ọ̀sì lorúkọ ohun tó kó sínú fúláàṣì fún mi.
Ẹgbàajì náírà ló gbà, ó ní owó fúláàṣì nìkan nìyẹn.

Ó wọlé, ó jókòó, kò pariwo.
Ó wá ku èmi àti ojú dúdú kan
tí àmì kékeré ń ṣẹ́jú níbẹ̀, tó ń dúró de ọ̀rọ̀ mi.
Mo kọ "ẹ kú alẹ́" sí i.
Ó ní òun ò mọ àṣẹ tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀.

Múínátù ti kọ díẹ̀ sẹ́yìn páálí bisikíìtì:
pwd, o fẹ́ mọ ibi tó o dúró sí.
ls, o fẹ́ mọ àwọn tó wà nílé.
cd, o fẹ́ kúrò ní yàrá kan bọ́ sí òmíràn;
tó o bá sì ṣìnà, kọ cd lásán, má fi nǹkan kan tẹ̀lé e,
yóò gbé ọ padà sílé.
Mo ka ìyẹn lẹ́ẹ̀mejì,
èmi tí mo ti ṣìnà ní Àlékúwódò rí.

Mo ní kó ṣí Géèmù. Ó ní kò sí Géèmù.
Mo ń fi ojú mi rí i!
géèmù ló wà níbẹ̀, gé kékeré.
Inú fẹ́ẹ́ bí mi, àfi bí mo ṣe rántí
Tíṣà Omítọ́nàdé ní Òkè-Baálẹ̀, ẹgba lọ́wọ́:
"Ọkọ̀ lo kọ yìí, àbí ọkọ́?
Èwo lo fẹ́ fi roko nínú méjèèjì?"
Mo rọra padà, mo tún un kọ.

sudo: mo fẹ́ fi àṣẹ baálé ṣe é.
Ó bi mí ní ọ̀rọ̀ àṣírí.
Mo tẹ̀ ẹ́, nǹkan kan ò hàn.
Mo tún tẹ̀ ẹ́. Òfìfo.
Mo nu bọ́tìnì, mo fẹ́ atẹ́gùn sí i lábẹ́,
mo pe Múínátù ní aago mọ́kànlá alẹ́.
Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi wúkọ́.
"Ó ń gbọ́ ọ.
Ṣé gbogbo ẹni tó ń gbọ́ ọ ló máa ń mi orí ni?"

Dátà òru ni mo fi fa géèmù náà.
Iná lọ, iná dé, mo ń ṣọ́ ọ bí ẹni ń ṣọ́ ẹ̀wà lórí iná.
Kí wọ́n tó pe ìrun àsùbáà, pápá tútù yọ,
koríko rẹ̀ ń ṣàn bí omi,
kò há, kò kọ́sẹ̀, kò da aró.
Mo jí Akínwándé lórí ẹní.
Góòlù mẹ́rin ló gbá sí mi nílé,
kò tíì lajú tán.

Mo wo ẹ̀rọ. Ó dákẹ́, ara rẹ̀ tutù.
Akínwándé náà wò ó, ó wò mí,
ó padà lọ sùn.