Gẹ̀rẹ́ Díẹ̀

Remigio káfíńtà kò wo òkè.
Ó kúnlẹ̀ sínú ẹrẹ̀ lẹ́yìn ilé,
ó yọ ọ̀bẹ tó fi ń bó ọ̀dùnkún,
ó tì í bọ òpó tó gbé ilé wa dúró:
ọ̀bẹ wọlé dé èèkù
bí ìgbà tó wọ bọ́tà.
Kò sọ nǹkan kan. Ó nu ọ̀bẹ mọ́ ṣòkòtò,
ó kọjá sí òpó kejì.

Òpó mọ́kànlá. Mẹ́ta péré ló ṣì le.

Bàbá wa ló kọ́ ilé yìí kí n tó dáyé.
Ó la igi alerce pẹlẹbẹ pẹlẹbẹ,
ó tò ó mọ́ ògiri bí ìpẹ́ ẹja,
kí òjò Chiloé lè máa yọ̀ bọ́ sílẹ̀.
Ọdún mẹ́tàdínlọ́gọ́ta ni òjò fi ń yọ̀ bọ́.
Ògiri tó bá lanu níhìn-ín,
aláǹgbá kọ́ ni í wọ̀ ọ́; òjò ni.
Òjò ti wọ̀ ọ́. Ó ti di ará ilé.
Mo mọ korobá tó jẹ́ tirẹ̀.

Eleuterio ẹ̀gbọ́n mi pè láti Punta Arenas:
"Wó o. Símẹ́ńtì ni kó o fi kọ́ ọ.
Kí la fẹ́ fi òkú igi ṣe?"
Ó rọrùn fún un láti sọ. Ọdún mẹ́sàn-án rèé
tí kò sun inú rẹ̀ mọ́jú.
Èmi jókòó ti ìwé ìṣirò,
owó ẹja tí mò ń bọ́ fún iléeṣẹ́ lórí omi,
owó ọ̀dùnkún, owó àgùntàn méjì.
Àtúnṣe á gba mílíọ̀nù mẹ́jọ,
àtúnkọ́ á gba mọ́kànlá,
ṣùgbọ́n Remigio ní àtúnṣe yẹn
yóò padà wá bi wá léèrè kí ọdún mẹ́rin tó pé.
Mo pa iná. Mo gbọ́ bí ilé ṣe ń payín keke.

Mo kórìíra rẹ̀ láàárọ̀,
mo sì fẹ́ràn rẹ̀ tó bá di alẹ́
tí sítóòfù gbóná, tí ojú fèrèsé ń làágùn.
Báwo ni èèyàn ṣe ń ṣírò irú èyí?

Ọjọ́ Ẹtì ni mo tó bi Màmá.
Ó ń ran irun àgùntàn lọ́wọ́,
kò gbójú sókè.
"Ibi yòówù kí òwú mi bọ́ sí nínú ilé ìdáná yìí,
ó máa ń yí padà wá bá mi nídìí àga.
Orúnkún mi kò ṣeé tẹ̀ mọ́.
Ẹ wó o, bó bá tó wíwó.
Ṣùgbọ́n sọ fún Remigio
kó jẹ́ kí ilẹ̀ tuntun náà rọ gẹ̀rẹ́ díẹ̀ síbí."

Mo sọ fún un.
Remigio, tó ti fi ogójì ọdún kọ́ ilé tó dọ́gba,
wo lẹ́fẹ́ẹ̀lì ọwọ́ rẹ̀ títí.
"Ìbú ìka mélòó?" ló wí.