Irinwó, Ẹgbẹ̀rin, Ẹgbẹ̀fà

Aago mẹ́fà àárọ̀, òtútù ń bù mí létí jẹ,
mo di kẹ̀kẹ́ irin mú, mo yí i lẹ́ẹ̀mẹ́ta.
Irinwó ẹsẹ̀ bàtà omi láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan:
bẹ́ẹ̀ ni wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé tí wọ́n fi rán mi.
Nísàlẹ̀, nínú ọ̀gbun Odò Skarrow,
tí omi rẹ̀ ti ń gba inú páìpù lọ síbi ẹ̀rọ iná láti ayé bàbá mi,
ènìyàn mẹ́sàn-án dé akoto,
wọ́n há sínú ọkọ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ bí ẹ̀pà nínú èèpo,
wọ́n ń retí mi.

Irinwó kò tó.
Mo ń gbọ́ ìdí ọkọ̀ tó ń ha òkúta.
Thessaly Crane sọ̀ kalẹ̀, ó gbé ọkọ̀ tirẹ̀ kọ́ èjìká,
ó kọ ọ́ sórí fọ́ọ̀mù: "Ẹsẹ̀ mi ni mo wà lónìí."

Mo tún yí i. Ẹgbẹ̀rin.
Ògiri gbọ̀n lábẹ́ bàtà mi
bí àgbàlagbà tó fẹ́ sọ̀rọ̀, tó tún gbé e mì.
Omi já jáde, ó funfun bí òwú tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ̀n.
Ọkọ̀ kan dojú dé. Àjẹ̀ yọ, orí yọ,
ẹ̀rín yọ tẹ̀lé e.

Wọ́n ní omi tí ènìyàn yóò mu kò ní í ṣàn kọjá rẹ̀.
Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo fi ń sọ fómi pé
ó yá, tàbí kò tíì yá.
Lẹ́ẹ̀rùn tó ń bọ̀, wọn yóò fi ẹ̀tù fọ́ ibi tí mo dúró sí yìí.
Ẹni tó bá fẹ́ wa ọkọ̀, kó bi òjò,
kó bi yìnyín orí òkè.
Kò ní í bi Harlan Tveit mọ́.

Kí wá ni à ń wọ̀n?
Mo bi ọmọbìnrin tó ń gba fọ́ọ̀mù.
Ó ní àwọn fẹ́ mọ bí odò yóò ṣe rí tó bá gba ara rẹ̀.
Bíi kí wọ́dà ṣí ìlẹ̀kùn ẹ̀wọ̀n ní ìlàjì
láti wo bí ẹlẹ́wọ̀n yóò ṣe rìn délé.

Ẹgbẹ̀fà.
Ìyá àgbà Ardith Charley gbé àga wá,
kò wo ọkọ̀ kankan.
Òkúta pẹlẹbẹ kan ló tẹjú mọ́,
níbi tí ìyá ìyá rẹ̀ ti ń sá ẹja
kí wọ́n tó mọ ògiri.
Omi gòkè, ó gòkè, ó fẹnu kan òkúta náà.
Ó bọ́ bàtà, ó ki ẹsẹ̀ bọ omi tìbọ̀sẹ̀tìbọ̀sẹ̀.
"Ibi tó máa ń dé nìyí," ló wí,
kì í ṣe èmi ló ń bá sọ̀rọ̀.
Kò sẹ́ni tó fún un ní fọ́ọ̀mù.

Nígbà tí aago márùn-ún lù, mo sọ̀ kalẹ̀ lọ kí i.
"Ṣé dandan ni kí o tì í lálẹ́ yìí?"
Mo ní ìwé ló sọ bẹ́ẹ̀.
Mo gòkè padà, mo sì tì í,
díẹ̀díẹ̀,
ó pẹ́ ju bí ìwé ṣe wí lọ.