Owó Ojú Kejì

Ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta náírà lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan,
ọmọdé kì í san.
Bàbá mi fi ọ̀pá ti ilẹ̀, ó wo ọ̀dọ́mọbìnrin tó jókòó sí ibodè igbó,
aṣọ aláwọ̀ ewé lọ́rùn, bàtà òjò lẹ́sẹ̀.
"Èmi Ọnàsànyà? Kí n sanwó kí n tó fojú kan igi?"

Ọmọ náà ò mọ̀ ọ́n.
Báwo ni ì bá ṣe mọ̀ ọ́n?
Wọn ò tíì bí i nígbà tí lọ́rì mẹ́rin ń gba Àtìkòrí kọjá lóru,
orúkọ bàbá mi lára gbogbo wọn,
tí ilẹ̀ ń mì tí àwo ń bá ara wọn jà lórí pẹpẹ ìyá wa.
Ìdígbó, arère, ìrókò.
Igi ló rán mi nílé-ìwé.

Ó ní ojú kan ṣoṣo ló ń ríran lára òun,
ìdajì ni kí wọ́n gbà.
Ọ̀dọ́mọbìnrin náà rẹ́rìn-ín títí, ó gba ìdajì.

A wọlé.
Òtútù igbó bọ́ lé wa léjìká bí aṣọ tí kò tíì gbẹ.
Ìgbín ni Fẹ̀yíṣará ọmọ mi ń kà.
Ó ka mẹ́sàn-án, ó tún padà sórí ení,
nítorí ọ̀kan ti rìn.

Bàbá mi ò ka ìgbín.
Ó ń fi ìka gbá ara igi bí ẹni ń kan ilẹ̀kùn:
"Èyí, pákó ogójì.
Tọ̀hún ti ní ihò nínú, má jẹ̀ẹ́ kó tàn ẹ́.
Èyí á ṣe àjà ṣọ́ọ̀ṣì, á tún kù fún àga àlùfáà."
"Bàbá, ẹ jẹ́ ká kàn máa wò ó."
"Kí ni mò ń ṣe? Bí èmi ṣe ń wò ó nìyẹn."

Àfi bí ohun kan ṣe gba òkè orí wa kọjá,
tó ń dún bí ayùn tí ẹni méjì ń fà,
fáà, fáà, fáà.
Bàbá mi ké, "Ẹ yàgò!"
Ó ju ọ̀pá nù, ó fa ọmọ sẹ́yìn.

Kò sí igi tó wó.
Àgbìgbò méjì ló bà sórí ọ̀pọ̀tọ́,
wọ́n ń ju èso sọ́fun bí ẹni ń ju ẹ̀pà sẹ́nu.
Fẹ̀yíṣará ń rẹ́rìn-ín.
Ọwọ́ bàbá mi ṣì wà léjìká rẹ̀, ó ń gbọ̀n.
"Àwọn wọ̀nyí ṣì wà?" ó ní.
Ó tún un sọ, kò kọjú sẹ́nì kan nínú wa:
"Wọ́n ṣì wà."

Orí kùkùté kan la jókòó sí láti jẹ ọ̀jọ̀jọ̀,
ó gba àwa mẹ́ta, ó tún gba kúlà omi.
Ọ̀bẹ̀dò múlọ́múlọ́ ti bò ó, olú ti hù létí rẹ̀.
Láyé ìgbà tiwọn, òòlù ni oníkálukú fi ń tẹ orúkọ sára igi tó bá gé.
Lẹ́tà mẹ́ta ni ti bàbá mi.
Mo rí èékánná rẹ̀ tó ń rá pálá wọ abẹ́ ọ̀bẹ̀dò yẹn.
Ó họ ọ́ díẹ̀.
Ó dúró.
Ó kó ọ̀bẹ̀dò padà sáyè rẹ̀, ó fi àtàńpàkò tẹ̀ ẹ́ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́,
bí ẹni ń di egbò ọmọdé.
Mi ò bi í. Kò sọ.

Nígbà tí à ń jáde ó dúró ní ibodè,
ó tú etí fìlà, ó ka náírà àádọ́ta-àádọ́ta márùn-ún
sórí tábìlì ọmọ ọlọ́mọ.
"Kí lèyí, Bàbá?"
"Ti ojú kejì," ó ní.

Nínú ọkọ̀, Fẹ̀yíṣará sùn sí mi lára,
ìgbín mẹ́rìnlá, ó ní, tàbí mẹ́tàlá.
Bí a ṣe dé ibi tí wọ́n ti ń lagi lẹ́bàá ọ̀nà,
tí ẹ̀rọ ń ké,
bàbá mi ní kí n yí gíláàsì sókè.
Ó ní eruku ni.