Ojú Ìwé Kejì

Fọ́ọ̀mù náà dé láti Òkè-Mọ́sàn, òǹtẹ̀ rẹ̀ pupa:
owó ìtọ́jú àgbàlagbà, lóṣooṣù.
Mo tẹ́ ẹ sórí tábìlì nílé Màmá ní Ìbarà,
mo ṣí bírò.
Ojú ìwé kejì ni wọ́n ti béèrè:
Ta ní ń tọ́jú àgbà yìí?
Àpótí mẹ́ta péré ni wọ́n yà síbẹ̀:
ọkọ tàbí aya; ọmọ; mọ̀lẹ́bí mìíràn.

Nínú yàrá, Sẹ̀nàmí ń yí Màmá sí apá ọ̀tún
kí ẹ̀yìn má baà dégbò.
Ó ń fi àdín àgbọn ra á léjìká,
ó ń fi Ègùn bá a sọ̀rọ̀,
Màmá ń dáhùn: "O ṣé, Fadérera."

Èmi ni Fadérera.
Èmi tí mò ń ti Ìbàdàn wá lẹ́ẹ̀mejì lóṣù,
pẹ̀lú búrẹ́dì, pẹ̀lú àpò ìledìí,
tí mo sì ń wo aago kí ọkọ̀ tó tán ní Àṣẹ́rò.

Ó mọ iye ìgbà tí Màmá ń tọ̀ lóru.
Ó mọ̀ pé tí Màmá bá ń wá kọ́kọ́rọ́ ṣọ́ọ̀bù
tí a ti tà lọ́dún tí Bàbá kú,
kí ó kàn fi kọ́kọ́rọ́ bálùwẹ̀ lé e lọ́wọ́.
Ara rẹ̀ á balẹ̀. Á sùn.

Ìyá tiẹ̀ wà ní Ìpókíá, ẹsẹ̀ rẹ̀ wú.
Ọmọ Sẹ̀nàmí, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, ló ń pọnmi fún un.
Mo bi í bóyá fọ́ọ̀mù dé ọ̀dọ̀ wọn.
Ó rẹ́rìn-ín. "Àǹtí, iná gan-an ò tíì dé ọ̀dọ̀ wa."

Òkété ilé wa dàgbà tán,
ọmú ọmọ ọlọ́mọ ló ń mu.

Mo fàlà sí "ọmọ".
Mo kọ nọ́ńbà àkáǹtì mi. Mo fọwọ́ sí i.

Ó wá ku ìlà ẹlẹ́rìí nísàlẹ̀:
ẹni tí ó fi ojú ara rẹ̀ rí i
pé olùtọ́jú yìí ń ṣiṣẹ́ rẹ̀ bí iṣẹ́.
Kò sí ẹlòmíràn nílé.
Mo pè é.
Ó nu ọwọ́ mọ́ ìró, ó jókòó,
ó kọ orúkọ rẹ̀ ní kíkún, kò kánjú,
ọwọ́ ìkọ̀wé rẹ̀ dára ju tèmi lọ.

Ibi tí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ kàn, òróró ràn án.
Ìmọ́lẹ̀ ń gba ibẹ̀ kọjá.
Mo gbé e sókè sí fèrèsé,
mo rí orúkọ Màmá láti ẹ̀yìn, lódìlódì.